Ẹ̀rọ Tí Mo Ní Kí Àlàájà Má Fọwọ́ Kàn

Àwọn tó bá wá kí wa nígbà náà máa ń wo ẹ̀rọ kí wọ́n tó wo ọmọ. Wọ́n á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wọ yàrá, ojú wọn á lọ tààrà sí ẹ̀rọ ńlá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń mí hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀ bí àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Obìnrin kan sọ fún mi rí pé, "Ẹ̀yin ti ní ọsibítù nílé," ó sì fi rẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún òun náà ní irú ọsibítù bẹ́ẹ̀. Irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń kà á mọ̀ ọ́n kí n tó lọ jìnnà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí mo ṣe fi irọ́ gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, àti ohun tí irọ́ náà fà fún ọmọ mi.

Ọmọbìnrin ni. Nígbà tí mo bí i, ó pẹ́ kó tó ké. Wọ́n gbá a nídìí, wọ́n nu ẹnu rẹ̀, wọ́n tún gbá a, àwọn nọ́ọ̀sì ń wo ojú ara wọn, èmi ń wo àjà. Ìgbà tó fi máa ké, ọpọlọ rẹ̀ ti fara pa. Ọrùn rẹ̀ kò gbé orí dúró, kò sì lè gbé nǹkan mì, títí kan itọ́ ẹnu ara rẹ̀. Itọ́ tí gbogbo wa ń gbé mì láìmọ̀ pé a gbé nǹkan mì, òun gan-an ló lè pa á. Á kó jọ sí ọ̀fun rẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ ọn, èémí ò ní rí ọ̀nà gbà. Nígbà tó pé ọmọ ọdún kan, dókítà sọ fún wa pé kò sí ohun tí àwọn ń ṣe fún un ní wọ́ọ̀dù tí a ò lè ṣe nílé, bí a bá ti lè ní ẹ̀rọ.

A ní ẹ̀rọ. Tòkunbọ̀ ni méjèèjì. Èyí ńlá la pè ní ẹ̀rọ atẹ́gùn. Ó ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, ó ń sẹ́ èyí tí ara ọmọ nílò níbẹ̀, ó ń gbé e gba inú ìgò omi kékeré kan kó má bàa gbẹ jù, kó tó gba rọ́bà lọ sí imú rẹ̀. Èyí kékeré, tí kò ju páálí bàtà lọ, ni ẹ̀rọ ọ̀fun. Òun ló ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀. A ó ki rọ́bà rẹ̀ tín-ín-rín bọ ẹnu ọmọ dé ọ̀fun, a ó tẹ bọ́tìnì, á máa kùn, ìdọ̀tí á máa dà sínú ike. Ó ní bátìrì tirẹ̀ nínú, nítorí a mọ irú iná tí a ní. Rọ́bà kan tún wà tó gba ihò imú rẹ̀ kan lọ sínú ikùn, ibẹ̀ la ń fi sírínjì ti ògì àti mílíìkì gbà. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò ní bàtà kankan, rọ́bà mẹ́ta ló ní.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìlọrin. Alẹ́ Fúráídè ló ń wọlé, ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ló ń padà. Èmi ń ránṣọ níwájú ilé wa ní Ọ̀fà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìjàgbó, mo sì fi ihò sílẹ̀ lára kọ́tìnì kí n lè máa gbọ́ yàrá láti ìdí màṣíìnì. Ẹni kẹta nínú ilé ni ìyá ọkọ mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àlàájà. Ìwẹ̀ ọmọ tuntun ni wọ́n bá wá, bí àwọn ìyá ọkọ ti ń ṣe, ogójì ọjọ́ péré ló yẹ kí wọ́n lò. Báàgì wọn kò padà sílé mọ́. Iṣu ni wọ́n ń tà tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń lọ kó o ní Òjòkú lọ́jọ́ ọjà. Wọ́n fi sílẹ̀ láì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Obìnrin tó máa ń gba ààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, tí kì í gbé ohùn sókè, tí kì í bínú ni wọ́n. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣòro láti bá gbé.

Àwa méjèèjì ni nọ́ọ̀sì kọ́ ní bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ ọ̀fun. Ó ní ká máa wo ètè ọmọ, ká máa wo èékánná rẹ̀, ká máa wo nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ kékeré tí a há mọ́ ọn níka. Èmi wo gbogbo rẹ̀, mo tún kọ ọ́ sínú ìwé. Àlàájà kò wo nǹkan kan. Etí ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Wọ́n lè wà ní ìdí àdògán lẹ́yìnkùlé, kí wọ́n dédé dìde, kí wọ́n ní, "Ó ti ń dún o." Bí mo bá débẹ̀, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Kò ní pẹ́ sí i ni ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó lọ́fun. Wọ́n ń mọ̀ ọ́n bí èmi ṣe ń mọ̀ ọ́n nídìí màṣíìnì mi pé abẹ́rẹ́ fẹ́ ṣẹ́. Wọ́n á ní "Bìsìmílááhì," wọ́n á ki rọ́bà bọ̀ ọ́, wọn ò ní tì í kọjá ibi tó yẹ, wọ́n á fà á, wọ́n á yọ ọ́. Ọmọ kò ní mira.

Lọ́wọ́ tèmi, ẹ̀jẹ̀ ni. Mo máa ń yára jù, tàbí kí n jìn jù, ọmọ á gan mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tó yá, bó bá ti rí mi pẹ̀lú rọ́bà náà, á ti máa gan kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀, tí kò lè na ọwọ́, tí a kò mọ̀ bóyá ó dá ẹnikẹ́ni mọ̀, ó dá ọwọ́ mi mọ̀, ó sì kọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó wá gba aṣọ rẹ̀ wo Àlàájà títí, ó wá sọ fún mi pé, "Àlàájà gan-an ni ìyá ọmọ yìí." Ó rò pé òun ń yin ìdílé wa ni. Mo rán ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ ní wíwọ́, mo sì jẹ́ kó gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Mo jowú, kò sí orúkọ mìíràn tó ń jẹ́. Mo jowú ìyá àgbà tó ń bá mi fọ ìdọ̀tí ọmọ mi.

Bí a ṣe pín iṣẹ́ ni pé ọ̀fun jẹ́ ti Àlàájà, omi jẹ́ tèmi. Ìgò tó wà lára ẹ̀rọ atẹ́gùn yẹn, nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ yé mi: kí n máa se omi inú rẹ̀, kí n jẹ́ kó tutù, kí n máa dà á nù lójoojúmọ́, kí n sì máa fi ọṣẹ fọ ìgò náà. Ó ní inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ni atẹ́gùn inú ìgò yẹn ń lọ tààrà. Mo ṣe é bó ṣe wí fún bí ọdún kan ààbọ̀. Lẹ́yìn náà ni aṣọ Ìléyá kún ilẹ̀ fún mi, tí mi ò ríbi gbé ẹsẹ̀ sí nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí n fi píọ̀ wọ́tà ṣe é lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo fi eyín já ọ̀rá rẹ̀, mo dà á sí i. Kò sí ohun tó ṣe ọmọ. Ọjọ́ kan di ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí Ìléyá fi máa kọjá, mi ò dà á nù mọ́ rárá. Bó bá ti lọ sílẹ̀ ni mo ń bù kún un. Mi ò fọ ìgò náà fún ohun tó lé ní oṣù kan. Àlàájà kò mọ̀, nítorí wọn kì í dá sí iṣẹ́ tí kì í ṣe tiwọn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n dá sí i. Àbúrò wọn obìnrin dé láti Mẹ́kà, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi sámúsámù kékeré kan wá fún wọn. Wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Wọn kò mu nínú rẹ̀. Ọmọ ti ń wúkọ́ fún ọjọ́ méjì nígbà náà. Nígbà tí mo wọ yàrá láti gbé téèpù ìwọnṣọ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tó ra nǹkan pamọ́ fún èèyàn.

"Ìyàwó mi, mo bu omi Mẹ́kà díẹ̀ sínú ìgò yẹn o. Ìdérí kan péré ni. Mo ní kí atẹ́gùn tó ń wọ inú ọmọ wa lè ní ìbùkún."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Àlàájà."

Mi ò dà á nù. Omi tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ dọ̀tí ju ohunkóhun tí wọ́n lè bù sí i lọ, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ara ọmọ gbóná bí ìkòkò. Ó ń mí bí ẹni tó ń sáré. Mo gbé ìgò náà sí ojú fèrèsé, mo rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀, ó ti dúdú-dúdú mọ́ àwọ̀ ewé, bí ìsàlẹ̀ ìkòkò omi ẹran. Mo ṣí i, mo gbóòórùn rẹ̀. Mo ti ní fóònù lọ́wọ́ láti pe ẹni tó máa fi mọ́tò gbé wa. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo mú ọṣẹ àti kànrìnkàn, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fọ ìgò náà títí ó fi ń dán. Ọmọ mi ń mí bí ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, èmi ń fọ ìgò. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó pe mọ́tò.

Ní ọsibítù, wọ́n gbé e síbi tí atẹ́gùn wà, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀. Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ti kó àrùn. Ó wá béèrè, láìgbé ojú sókè nínú ìwé tó ń kọ, pé irú omi wo la ń lò nínú ìgò.

Mo ní, "Omi sísè ni, sà. Ojoojúmọ́ ni mo ń pààrọ̀ rẹ̀." Kò sí ẹni tó fipá mú mi sọ èyí tó kù. "Àfi bí Àlàájà ṣe bu omi Mẹ́kà sí i lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn."

Ìgbà yẹn ni dókítà gbé ojú sókè. Kò pariwo. Ó kàn mí kanlẹ̀, ó kọjú sí Àlàájà tó jókòó tì mí, ó ní, "Màmá, ẹ má bu nǹkan kan sínú ẹ̀rọ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́." Kò sọ pé omi náà ló fà á. Ṣùgbọ́n Àlàájà ti fi ọwọ́ bo ẹnu wọn. Wọ́n wo ọmọ, wọ́n wo èmi, wọ́n tún wo ọmọ. Ọkọ mi tó ti Ìlọrin sáré dé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà sí ìyá rẹ̀. Mo lè ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀, mi ò ṣe é. Ohun tí mo rò ni pé ọkàn mi fúyẹ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

Ọmọ náà yè é. Ọ̀sẹ̀ méjì la lò níbẹ̀. Àlàájà kò tẹ̀ lé wa wálé. Wọ́n ti kó báàgì wọn, wọ́n ti padà sí ilé ọkọ wọn nínú ìgboro, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ àwọn, ìtìjú ni kò jẹ́ kí àwọn lè wojú wa. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi dá ilé ṣe. Aṣọ àwọn èèyàn ń jẹrà lọ́wọ́ mi, n kì í sùn, ọ̀fun ọmọ ń ṣẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́. Mo rí i pé mi ò lè ṣe é láìsí wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n padà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n padà wá bí ẹni tó jẹ̀bi.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pe ìpàdé ẹbí sí pálọ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn bẹ̀ mí. Àlàájà jókòó sórí ẹní nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àga ṣófo. Mo ní mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀, mo ti dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ mi ò ní kú nítorí ẹ̀bẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá máa padà sínú yàrá yẹn, kí wọ́n kọ́kọ́ búra pẹ̀lú Àlùkùránì pé àwọn ò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan mọ́.

Ọkọ mi ní, "Ìyá mi lo fẹ́ kó búra?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ìyàwó, ó ti tó báyìí. Kò dé orí ìyẹn."

Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí àwọn náà wá máa bá mi tọ́jú ọmọ náà. Nínú ìdílé yẹn, ìbúra pẹ̀lú Àlùkùránì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣeré. Ìtàn àbúrò bàbá wọn kan tó búra èké tó sì ya wèrè, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé. Àlàájà fúnra wọn ló dìde, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá, wọ́n padà wá pẹ̀lú omi lójú àti lápá, wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ìwé náà. Èmi ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ ìbúra náà fún wọn, wọ́n ń tẹ̀ lé mi bí ọmọ ilé kéwú. Mi ò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ atẹ́gùn. Mi ò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ ọ̀fun. Mi ò ní ki rọ́bà bọ ọmọ yìí lẹ́nu, títí Ọlọ́run á fi pè mí. Ohùn wọn kò gbọ̀n. Tèmi ló gbọ̀n díẹ̀, àwọn èèyàn sì rò pé àánú ọmọ ni.

Wọ́n padà sílé wa lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń wẹ ọmọ, wọ́n ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fi òróró ra ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ̀fun rẹ̀, wọ́n á pè mí ní ìdí màṣíìnì. "Ìyàwó mi, ó ti ń dún o." Wọ́n á kó ọwọ́ sẹ́yìn títí n ó fi dé. Wọ́n á dúró, wọ́n á máa wo bí mo ṣe ń ṣe é, ètè wọn á máa mì, bóyá àdúrà ni, bóyá wọ́n fẹ́ sọ fún mi pé ó ti jìn jù. Wọn kì í sọ ọ́.

Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ àṣà kan tí ojú ń tì mí láti kọ. Bí wọ́n bá pè mí lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní dáhùn. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mejì. N ó rán ìlà aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ tán, n ó gé òwú, n ó tó dìde. Mo mọ̀ pé àyè ṣì wà, nítorí wọ́n máa ń gbọ́ ọ ṣáájú àkókò. Etí wọn ni mo ń fi ṣe fàájì. Mo fẹ́ kí wọ́n dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn, kí wọ́n mọ ẹni tó ni ọmọ.

Oṣù márùn-ún la gbé bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo fa ọ̀fun ọmọ dáadáa, mo sì sọ fún Àlàájà pé mo fẹ́ sáré dé ọjà lọ ra sípì àti òwú. Mo ní Àlàásárì ò ní bá mi níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń ta ohun èlò ìránṣọ, ó fi àga fún mi. Ó ń sọ ìtàn ìyàwó kejì tó gbé àpótí wọlé láìjẹ́ kí ìyáálé mọ̀, ó ń ṣe bí obìnrin náà ṣe ń rìn, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ti pẹ́ tí mo rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Fóònù mi dún. Mo rí i pé Àlàájà ni. Mo dojú rẹ̀ dé orí káńtà, mo sọ nínú mi pé kí wọ́n tún un pè.

Wọ́n tún un pè. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé, "Màmá yìí ò ní jẹ́ n simi." Ó ní kí n gbé e. Mo ní kó parí ìtàn rẹ̀ ná. Ó parí rẹ̀. Ìgbà kẹta ni mo gbé e.

"Ìyàwó mi, ó ti kún o."

"Ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, Àlàájà."

"Mo ti dojú rẹ̀ bolẹ̀. Kò jáde. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú." Mo ń gbọ́ ọ̀fun ọmọ mi nínú fóònù, lọ́tẹ̀ yìí èmi náà gbọ́ ọ kedere. "Ìyàwó mi, kí ni kí n ṣe?"

Mo mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Ẹni tó búra ń bẹ ẹni tó mú un búra pé kó tú òun sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo ní láti sọ: ẹ fà á. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀, bátìrì rẹ̀ kún, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lò ju ọwọ́ èyíkéyìí lọ ní gbogbo Ọ̀fà wà nínú yàrá náà.

Mo ní, "Ẹ dúró dè mí. Mo ń bọ̀."

Mo ti ro ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Mo ti gbìyànjú láti pè é ní ìpayà. Kì í ṣe ìpayà. Ohun tó kọjá lọ́kàn mi nígbà tí wọ́n béèrè ni pé bí wọ́n bá fà á báyìí, tó sì yọrí sí rere, wọ́n á tún padà di ìyá rẹ̀.

Mo bọ́ sórí ọ̀kadà láìmú sípì. Mo ń na ọlọ́kadà náà lẹ́yìn pé kó sáré, ó sáré débi pé ó gbé mi fò sókè níbi ojú irin rélùwéè. Nígbà tí mo wọlé, Àlàájà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n gbé ọmọ lé itan. Ẹnu wọn àti àgbọ̀n wọn kún fún kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Wọ́n ti fi ẹnu ara wọn fà á, bí àwọn ìyá ayé àtijọ́ ṣe máa ń fi ẹnu fa imú ìkókó. Wọ́n fà á, wọ́n ń tu ú sórí ìborùn wọn. Ẹ̀rọ ọ̀fun wà lórí tábìlì, kò jìnnà sí wọn ju ìnàgà ọwọ́ kan lọ, iná kékeré ara rẹ̀ ń tàn pé òun ti ṣe tán.

Wọ́n gbé ojú sókè sí mi.

"Mi ò fọwọ́ kàn án o," wọ́n ní. "Ọlọ́run rí mi. Mi ò fọwọ́ kàn án."

Mo já ọmọ gbà. Mo ki rọ́bà bọ̀ ọ́, mo tẹ bọ́tìnì. Gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ike náà kún dé ìdajì, ọ̀nà mọ́ tónítóní. Kò sí ẹni tó gba ibẹ̀ mí mọ́. Ọmọ náà kò gan mọ́ mi lọ́wọ́.

A sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ọkọ mi dé nígbà tí wọ́n ti ń bu yẹ̀pẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn ń sọ fún mi pé ìsinmi ló dé fún ọmọ náà àti fún èmi náà, wọ́n ní mo ti gbìyànjú, wọ́n ní mo ṣe ju ìyá lọ. Àlàájà ń fọ ẹnu wọn ní gbogbo ìgbà, pẹ̀lú omi lásán.

Ọjọ́ kẹjọ, Ààfáà àdúgbò wá ṣe àdúrà. Kì í ṣe ẹni tó wà níbi ìpàdé ẹbí, kò sì mọ nǹkan kan nípa ìbúra. Nígbà tó ṣe tán, tí ọkọ mi ti lọ sin àwọn yòókù síta, Àlàájà ní àwọn ní ìbéèrè kan. Wọ́n sọ ọ́ fún un, wọ́n rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ti ẹlòmíràn: pé àwọn búra pẹ̀lú Àlùkùránì láti má fọwọ́ kan ẹ̀rọ, pé ọmọ ń kú lọ, pé ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ló máa jẹ́ ìyà àwọn ká ní àwọn fọwọ́ kàn án.

Ààfáà wò wọ́n títí. "Ta ló ní kí ẹ búra irú ìyẹn, Àlàájà?"

Mo jókòó síbẹ̀. Wọn kò wo apá ọ̀dọ̀ mi rárá. Wọ́n ní, "Èmi náà ni mo búra."

"Ẹ bá fà á," Ààfáà sọ bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù. "Ẹni tó bá búra, tó wá rí i pé ohun mìíràn dára ju ìbúra òun lọ, kó ṣe èyí tó dára, kó sì san ìtánràn. Kó fún òtòṣì mẹ́wàá lóúnjẹ. Bí agbára rẹ̀ kò bá ká a, kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta?"

"Ọjọ́ mẹ́ta péré, Àlàájà."

Wọ́n tún un sọ lábẹ́ ohùn, ọjọ́ mẹ́ta, àwọn tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gba ààwẹ̀ méjì. Ààfáà dìde lọ. Ó ku èmi pẹ̀lú wọn nínú yàrá tí ẹ̀rọ méjèèjì ti dákẹ́. Ìyá ọkọ mi ń wá ibì kan tí wọ́n lè gbé ẹ̀bi náà sí, kí wọ́n lè rù ú.

"Ìyàwó mi, omi yẹn ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, àbí? Ká ní mi ò bu omi yẹn sí i, ìbúra ì bá má wáyé."

Àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Kò sí dókítà, kò sí ẹbí, ọmọ ti lọ, kò sí ohun tí òtítọ́ lè gbà lọ́wọ́ mi mọ́. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àlàájà. Omi yẹn ni."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí n bá àwọn dáná sààrì bó bá di ìdájí, pé àwọn máa gba ọjọ́ mẹ́ta náà bẹ́ẹ̀ náà, bóyá Ọlọ́run á gbà á. Mo dáná, mo sì jí wọn, lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.